Ìjàpá, Akọ̀wé Èéfín

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé orí ẹnì kankan tí ẹ mọ̀. Orí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo ló bà lé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ọ tí ó dà bí ẹni pé ìlú kan ni mò ń bá wí, kí olúwarẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Ẹranko ni mò ń sọ. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí mo dárúkọ ọdún, àwọn ẹranko náà ní kàlẹ́ńdà.

Ẹ kọ́ ègbè kí n tó bẹ̀rẹ̀. Kò le rárá. Ohunkóhun tí mo bá lé, ẹ̀yin ẹ sáà ní "Túú, èéfín túú!"

Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, iná kékeré ni oníkálukú ń dá. Àparò a fi igi mẹ́ta se ẹ̀wà, a pa iná, a sùn. Òkété a yan ẹ̀kùrọ́ lẹ́nu ihò, a pa iná, a wọlé. Èéfín wọn a gòkè, afẹ́fẹ́ a gbé e lọ, kò sí ẹni tó ń wojú ọ̀run.

Lọ́jọ́ kan, Àgbáǹréré tó ń gbé ní erékùṣù olótùútù fi ìwo wú ilẹ̀. Ó bá èédú nísàlẹ̀, òkìtì òkìtì. Ó dáná sí i. Iná yìí kì í kú. Àgbáǹréré fi rọ irin, ó fi wa ọkọ̀, ó fi hun aṣọ, ó sanra. Erin wò ó. Ó fi eyín wú ilẹ̀ tirẹ̀. Ó rí èédú, ó rí epo, ó rí gáàsì, ó dáná sí gbogbo rẹ̀. Erin sanra títí tí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó wó ilé, ó kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ, kò pẹ́ tí ìyẹn náà ò gbà á mọ́.

Ẹfọ̀n ló pẹ́ jí. Ṣùgbọ́n nígbà tó jí, kò sùn mọ́. Tọ̀sán-tòru ló ń wú ilẹ̀. Lónìí, bí a bá ka èéfín ọdún kan ṣoṣo, ti Ẹfọ̀n ló pọ̀ jù. Bí a bá kà á láti ìgbà ìwáṣẹ̀ yẹn, Erin ni bàbá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni àwọn méjèèjì fi ń jà títí di òní: ọ̀kan ń ka ti òní, èkejì ń ka ti àná.

Èéfín tí wọ́n ń rú yìí ní èyí tí ojú kì í rí nínú. Ó gòkè, kì í tètè sọ̀. Ó dúró lókè bí ọmọrí lórí ìkòkò. Oòrùn ń wọlé, ooru fẹ́ jáde, ọmọrí ò jẹ́. Èyí tí bàbá bàbá Erin rú, púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà lókè bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ooru wá mú. Àparò gbin àgbàdo, òjò ò rọ̀. Nígbà tí òjò máa rọ̀, ó gbé àgbàdo lọ, ó gbé ahéré lọ. Yìnyín orí òkè ń yọ́, òkun ń wú. Òkété tó ń gbé ní erékùṣù kékeré láàárín omi jí lóru ọjọ́ kan, ó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ihò, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Ẹni tó bá ń gbé létí ọ̀sà l'Ékòó mọ irú jíjí bẹ́ẹ̀.

Ni wọ́n bá pe ìpàdé. Ọdún 1992 ni. Ìlú tí wọ́n ti ṣe é ń jẹ́ Odò Oṣù Kìn-ín-ní. Etí òkun ni, kì í ṣe odò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Wọ́n wá akọ̀wé. Ọwọ́ Erin tóbi ju kálàmù lọ. Pátákò Ẹfọ̀n ò ká kálàmù. Ìjàpá rọra yọ orí jáde, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, bí ẹ bá fún ọmọ yín láyè, òun lè gbìyànjú." Wọ́n fún un. Ìjàpá kọ ọ́ pé èéfín ò dára, kí oníkálukú sapá. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Àparò dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, mélòó ni ká dín?"

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Ìyá Àparò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹun. Ọ̀rọ̀ iye, ó di ìpàdé mìíràn."

Lílé: Ìjàpá, ta ló ń dáná?
Ègbè: Túú, èéfín túú!
Lílé: Ó lọ́dún tó ń bọ̀ lòun ó pa á
Ègbè: Túú, èéfín túú!
Lílé: Ọdún dé o, ọdún kọjá
Ègbè: Túú, èéfín túú!
Lílé: Ẹ gbójú sókè, ẹ wòye
Ègbè: Túú, èéfín túú!

Ìpàdé mìíràn náà dé ní 1997, ní ìlú kan tí ọba ń gbé tẹ́lẹ̀ kí ó tó kó lọ. Iye wá wà wàyí. Àwọn àgbà ẹranko tó ti sanra máa dín èéfín kù, ohun tó lé díẹ̀ ní 5 nínú 100. Àparò ti ń rò ó pé 50 ni wọ́n máa pè. Kò sọ̀rọ̀. Ìránṣẹ́ Erin náà ní òun gbà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: kí ìránṣẹ́ yìí tó kúrò nílé rárá ni àwọn ìgbìmọ̀ àgbà Erin ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó ní àdéhùn tí kò bá de Ẹfọ̀n àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní de Erin jẹ́ 95. Àwọn tó sọ ohun mìíràn kò sí rárá. Ìránṣẹ́ mọ̀. Ó lọ, ó gbà, ó bọ̀, ìwé náà kò wọ ilé ìgbìmọ̀ láéláé. Nígbà tó di 2001, Erin ní òun ò ṣe mọ́. Aládùúgbò rẹ̀ lápá àríwá dúró pẹ́ díẹ̀. Dípò kí èéfín tirẹ̀ dín, ńṣe ló ń pọ̀. Nígbà tó rí i pé ọjọ́ ìṣirò ti ń sún mọ́, ó ku díẹ̀ kí 2012 wọlé, òun náà kó bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó jáde.

Ìjàpá ti kọ gbólóhùn kan sísàlẹ̀ ìwé náà. Ó ní, "Ẹni tí kò bá lè pa iná tirẹ̀, kí ó sanwó fún ẹlòmíràn tó máa pa iná tirẹ̀ níbòmíràn." Gbogbo ẹranko ní ọgbọ́n ni. Ọgbọ́n ni lóòótọ́. Ìjàpá ló kọ́kọ́ lò ó.

Ìjàpá ń yan ata. Ata yìí, bí ó bá kan iná, ó ní èéfín kan tí ń ti ara rẹ̀ jáde. Ìwọ̀n 1 èéfín ata mú ooru tó ìwọ̀n 11,700 èéfín igi. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àlọ́ ni mo fi bù ú kún, mi ò bù ú kún: iye tí àwọn ẹranko fi ń ṣírò nígbà náà nìyẹn. Láti pa èéfín ata ò ná Ìjàpá ní nǹkan kan tó ṣe gúnmọ́, ìdérí irin kan ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti pa ìwọ̀n 1, a gba ìwé pé òun pa 11,700. A gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ Àgbáǹréré, Àgbáǹréré a san owó ẹyọ, a gbé ìwé náà kọ́ sára ògiri, a tún da èédú sínú iná.

Yánníbo rí ata tó kún yàrá, ó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kún ẹ̀yìnkùlé.

"Baálé mi, ta ló fẹ́ ra gbogbo ata yìí?"

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á."

"Kí lẹ wá ń yan án fún?"

"Kí ó lè rú èéfín."

"Kí lẹ fẹ́ fi èéfín ṣe?"

"Màá pa á."

Yánníbo dákẹ́ díẹ̀. "Bí ẹ kò bá yan án ńkọ́? Ṣebí kò ní sí èéfín láti pa?"

Ìjàpá wo ìyàwó rẹ̀ tàánú-tàánú. "Yánníbo, ìdí nìyí tí wọn ò fi pè ọ́ sípàdé."

Ó tún ààrò mẹ́ta mọ. Owó pípa èéfín ju owó ata lọ. Yánníbo ń wúkọ́, Ìjàpá ń ka owó. Ó tó ọdún mélòó kan kí àwọn olówó tó fura. Wọ́n ní láti 2013, àwọn ò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́jà àwọn mọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí Ìjàpá dá owó padà.

Ìpàdé 2009 ni mo fẹ́ fò, ṣùgbọ́n Òkété ò ní jẹ́ kí n fò ó. Kí wọ́n tó lọ sípàdé yẹn, Òkété kó àwọn ìjòyè rẹ̀, ó gbé tábìlì sísàlẹ̀ omi, wọ́n di èémí mú, wọ́n ṣèpàdé níbẹ̀, wọ́n buwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀ lábẹ́ omi. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé rí bí ilé òun ṣe máa rí lọ́la. Gbogbo ayé rí i lóòótọ́. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n ní ó wuyì.

Ìlú tí wọ́n ti ṣe ìpàdé náà, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni Èbúté Oníṣòwò. Níbẹ̀ ni àwọn olówó ti ṣèlérí pé tó bá di 2020, àwọn ó máa kó agbọ̀n owó 100 jọ lọ́dọọdún fún Àparò àti Òkété àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Owó inú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan jẹ́ bílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹranko ò mọ dọ́là, ẹ jẹ́ ká sáà máa pè é ní owó ẹyọ. 2020 dé. Wọ́n kà á: agbọ̀n 83 àti díẹ̀. Ọdún 2022 ni 100 tó pé. Àparò sáré lọ gba tirẹ̀. Ó tú agbọ̀n, ó bá ìwé nísàlẹ̀. Ìwé gbèsè ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, àyálò ni. Àparò àti gbogbo ìdílé rẹ̀ kò rú ju bí 4 lọ nínú èéfín 100 tó ń lọ sókè lọ́dún. Wọ́n yá a lówó kí ó fi dí omi tí kì í ṣe òun ló fà á, wọ́n sì ní kí ó san án padà.

A dé ọ̀dọ̀ ìpàdé ńlá báyìí. 2015. Ìlú ilé-ìṣọ́ onírin. Ẹranko 196 ló pé. Òkété gbé igi ìwọ̀n ooru dání, ó fa ìlà pupa sára rẹ̀: 1.5. Ó ní bí ooru ayé bá fi ju èyí lọ lórí ti ìgbà tí Àgbáǹréré kò tíì wú ilẹ̀, ilé òun ti lọ. Erin ní ìlà 2 ló tẹ́ òun lọ́rùn. Ìjàpá kọ méjèèjì sílẹ̀. Ó ní ooru kò ní dé 2 rárá, a ó sì sapá kí ó má kọjá 1.5. Inú Òkété dùn. Inú Erin dùn. Ẹ rí i pé ọmọ náà mọ̀wéé kọ.

Wọ́n ní kí oníkálukú lọ di ẹrù ìlérí tirẹ̀ wá láti ilé, ìwọ̀nba tó bá wù ú. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yẹ ẹrù ẹnikẹ́ni wò kí ó ní ó kéré. Bí ó bá yẹ̀ ẹ́, ìtanràn ò sí.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n lu òòlù. Erin ń ka ìwé lọ, ìka rẹ̀ ń tọ ìlà. Ó dúró.

"Ìjàpá!"

"Àjànàkú, mo wà níbí."

"Kí lo kọ síbí?"

"Mo kọ ọ́ pé àwọn àgbà ẹranko gbọ́dọ̀ ṣíwájú nínú dídín èéfín kù."

"Gbọ́dọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, gbọ́dọ̀."

"Bí 'gbọ́dọ̀' bá wà níbẹ̀, èmi ò sí níbẹ̀."

Gbọ̀ngán pa lọ́lọ́. Wákàtí kan, wákàtí méjì, ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó ń lọ. Àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ sí ara wọn létí. Ìjàpá mú kálàmù, ó pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́, ó kọ òmíràn sípò rẹ̀: ó yẹ kí àwọn àgbà ẹranko ṣíwájú. Wọ́n kà á jáde wéréwéré mọ́ àwọn àṣìṣe ọwọ́ akọ̀wé, àmì ìdánudúró tí kò bọ́ sípò, nọ́ńbà tó yí. Gbọ́dọ̀ di àṣìṣe akọ̀wé. Wọ́n lu òòlù kékeré aláwọ̀ ewé, gbà! Wọ́n dìde, wọ́n dì mọ́ra, àwọn mìíràn sunkún ayọ̀. Èmi ò ní yẹ̀yẹ́ ẹkún wọn. Àwọn kan wà nínú wọn tí kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìwé yìí, wọ́n sì fẹ́ kí iná kú tọkàntọkàn.

Kò pẹ́ tí Erin jáde. Ó tún wọlé. Ó tún jáde. Méjì tó gbẹ̀yìn yìí, lọ́jọ́ kan náà tí Erin tuntun gorí àga ló ṣe é, 20 oṣù kìíní: 2021, ó buwọ́ lù ú pé òun ń bọ̀; 2025, ó buwọ́ lù ú pé òun ń lọ. Ìjàpá ò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́.

Ní 2021 yẹn kan náà, ìpàdé kàn sí erékùṣù Àgbáǹréré. Odídẹrẹ́ ni alága. Ìwé sọ pé kí a pa iná èédú rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ku ká lu òòlù, aládùúgbò Ẹfọ̀n nawọ́, Ẹfọ̀n wà lẹ́yìn rẹ̀: kí "pa rẹ́" di "dín kù". Ó ní àwọn ẹbí òun tó wà nínú òkùnkùn ṣì pọ̀, Erin ti jẹ tirẹ̀ yó, ó wá ń kọ́ni bí a ṣe ń gbààwẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tó mú un burú nìyẹn. Odídẹrẹ́ tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ há a lọ́fun, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ó lu òòlù náà.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ilé Ìmàdò ló kàn. Iṣẹ́ Ìmàdò ni epo títà. Olórí àwọn tó ń bá a ta epo ni ó fi ṣe alága ìpàdé pípa iná. Ìpàdé 28 ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ayé máa kúrò díẹ̀díẹ̀ nídìí epo, èédú àti gáàsì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Ìmàdò.

Ọdún 2024 tẹ̀ lé e. Ooru mú títí, wọ́n gbé igi ìwọ̀n wá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, odidi ọdún kan kọjá ìlà pupa tí Òkété fà.

Ìjàpá kò rí i, ó ń tajà. Ọjà tuntun ni. Ó ní igbó ńlá kan lẹ́yìn ilé, igi inú rẹ̀ ti gbó, ẹnikẹ́ni ò ní i lọ́kàn láti gé e. Ìjàpá gbé ìwé lọ bá Erin: "Ẹ fún mi lówó, mi ò ní gé igi mi, èéfín yín ti pa rẹ́ nìyẹn." Erin sanwó. Ó gbé ìwé bá Àgbáǹréré, igi kan náà. Àgbáǹréré sanwó. Ó gbé e bá Ìmàdò, igi kan náà. Ìmàdò ra ti ọdún 10 lẹ́ẹ̀kan. Yánníbo ní, "Baálé mi, igbó mélòó lẹ ní?" Ìjàpá ní, "Ọ̀kan. Ṣùgbọ́n mi ò gé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Ọ̀dá ọdún yẹn, ewé gbẹ fọ́fọ́. Iná ṣẹ́ nínú igbó. Kò sẹ́ni tó dá a, ooru ló dá a. Ó jó igi Erin, ó jó igi Àgbáǹréré, ó jó igi Ìmàdò ọlọ́dún 10, gbogbo wọn sì lọ sókè bí èéfín, túú. Yánníbo ti sá láti òwúrọ̀. Ìjàpá ò lè sáré, ẹ mọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo yíká ilé, kò rí nǹkan kan bora, àfi ìwé. Ó di gbogbo ìwé àdéhùn lé ẹ̀yìn, ti 1992, ti 1997, ti 2015, ó ń wọ́ lọ. Iná ran ìwé. Ìwé ń jó lẹ́yìn Ìjàpá, Ìjàpá ń ké, ó yí gbirigbiri bọ́ sómi. Omi náà ti dé ibi tí kì í dé tẹ́lẹ̀. Ó ń gbé e lọ.

Òkété wà lórí igi kan tó léfòó, òun àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta.

"Òkété, ọ̀rẹ́ mi àtàtà! Fà mí jáde!"

Òkété wò ó. "Akọ̀wé wa. Ó yẹ kí n fà ọ́ jáde."

"Fà mí nígbà náà!"

"Ó yẹ ni mo ní. Ṣé mo ní mo gbọ́dọ̀ ni?"

"Òkété, omi ti dé mi lẹ́nu!"

"Mo rí i. Ó bà mí nínú jẹ́ púpọ̀. Màá kọ́kọ́ fa 5 nínú 100 ara rẹ jáde. Ìyókù, ó di 2050."

"Èmi yóò kú kó tó dìgbà yẹn!"

"A ó ṣèpàdé lórí ìyẹn."

Lílé: Ìjàpá wọ odò, ó ń jà rìàrìà
Ègbè: Túú, èéfín túú!
Lílé: Ó yẹ kí n yọ ọ́, kò pọn dandan
Ègbè: Túú, èéfín túú!
Lílé: Ata tó o yan ńkọ́, igi tó o tà ńkọ́?
Ègbè: Túú, èéfín túú!
Lílé: Gbọ́dọ̀ ò sí níwèé, kí ni kí n ṣe?
Ègbè: Túú, èéfín túú!

Omi gbé Ìjàpá lọ, omi gbé e bọ̀, ó sọ ọ́ sí etí òkè, kò kú. Ṣùgbọ́n ìwé tó jó mọ́ ọn lẹ́yìn kò ṣí mọ́. Bí ẹ bá mú Ìjàpá dání lónìí, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa: ìlà ìlà, igun igun, bí ojú ewé ìwé tí a pín sí ìpínrọ̀. Ìwé àdéhùn ni. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀, ìlà nìkan ló kù.

Kí agogo ẹnu mi ró pó, pó, pó. Ẹ̀yin elégbè, ẹ má tíì dìde o. Wọ́n ti dá ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀, Ìjàpá sì ti ń di ẹrù.